Mi Ò Ní Fi Pòròpórò Bo Mọ́tò Yìí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà mọ́tò tí kò dé ní Jímọ̀ ọjọ́sí, ẹ sì kú ìnáwó àwọn ààfáà tó jẹun àdúà rẹ̀ tán kó tó dé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsọlọ̀ níbí. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ èlùbọ́, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, bí kò tilẹ̀ fẹ́ ìkíni mi. Ẹ bá mi kí Àfúsá ọmọ rẹ̀, ẹ ní àǹtí rẹ̀ ní Èkó ń béèrè rẹ̀.

Bàbá mi, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí ará ilé àti ará oko máa ti kà á. Ìta gbangba náà ni ẹ ti sọ̀rọ̀ mi. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni ẹ dúró sí, tí ẹ ní kò sí mọ́tò kankan, pé irọ́ ni Èkó kọ́ mi, pé ọmọbìnrin wo ló ń ra mọ́tò wá sílé bàbá rẹ̀. Ẹ ní kí n má wálé mọ́. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, wọn ò yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí mo bá sì sọ, mo ti wọ̀n ọ́n wò kó tó jáde lẹ́nu mi. Mọ́tò wà. Iwájú fèrèsé mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ìka kọ orúkọ wọn sára eruku rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Japan ni, irú èyí tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Ẹ mọ ọ̀nà oko wa tí òjò bá dé. Ibi tí bọ́ọ̀sì yòókù ti ń rì, tí àwọn obìnrin ń ká ìró sókè láti tì í, ibẹ̀ ni eléyìí máa gbà kọjá pẹ̀lú èlùbọ́ nínú rẹ̀. Ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dàgbà kọjá ọjọ́ orí tí ìjọba gbà kí mọ́tò fi wọ̀lú. Ìlú olótùútù ni wọ́n ti lò ó, apá òsì sì ni sítíárìn rẹ̀ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n gé lápá ọ̀tún tí wọ́n wá jó mọ́ òsì. Mo wo gbogbo ìwọ̀nyí kí n tó gbà pé kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ ojú omi.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà nìyẹn. Ọ́fíìsì ajẹ́ńtì kan ni ní Òkòtà, àwọn ló ń bá èèyàn gba mọ́tò jáde ní Wáàfù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá mi obìnrin rí i pé mo máa ń fara balẹ̀ ka nǹkan, ó gbé mi sídìí tábìlì. Báyìí, èmi ni mo ń tẹ̀ba wo nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin mọ́tò, tí mo ń fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, mọ́tò náà ò ní kúrò lójú kan.

Òjò Ìsọlọ̀ ò mọ àlejò. Omi máa ń wọ yàrá mi, màá gbé bàtà sórí tábìlì, màá gun orí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wò ó. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ fún pé omi ti wọlé. Ìyá Bọ̀sẹ̀, aládùúgbò mi, ló máa ń kan ògiri, tó ń béèrè bóyá mo ti gbé gàárì mi sókè. Ìbéèrè yẹn nìkan ni mò ń rí bí ọ̀rọ̀ ẹbí láti ìparí ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn. Síbẹ̀, n kò tíì sọ pé ẹ wá mú mi.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ dá àdúà sí ni ẹ̀gbọ́n mi Ràímì wá bá mi. Ibùdókọ̀ Bọ́ládé ló ní kí n ti pàdé òun, ó ní òun ò mọ ọ̀nà Ìsọlọ̀, òun ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mọ́tò ti gúnlẹ̀ ní Wáàfù, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè ṣì ń yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni wọ́n ń bi mọ́tò léèrè ọjọ́ orí sí, ṣé wọ́n fẹ́ fi ṣaya ni? Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú bọ́ọ̀sì yẹn gan-an, àwọ̀ kan náà, wà lódì kejì bodè. Ó ní kí n ta ti Wáàfù bó ṣe wà, kí òun gba inú igbó mú ìkejì wọlé kí Jímọ̀ tó pé, pé owó rẹ̀ ò tó ìdajì tèmi. Ó ní ààfáà kankan ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ mọ́tò kó tó ṣàdúà sí i. Mo ní ààfáà ò ní béèrè, àwọn tó wà lójú títì máa béèrè. Ó ní ta ló fẹ́ gbé e dé ojú títì? Mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Obìnrin tó ń ta ìpékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń gbọ́ wa tipẹ́. Ó dá sí i, ó ní bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àǹtí yìí sílẹ̀ o, ẹni tí kì í pariwo tó bá ti ní rárá, rárá ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbínú ra ìpékeré lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́. Ó pè mí ní Ìyá Aṣọ́bodè, ó ní kí n lọ ran kakí kí n máa wọ̀ ọ́. Mo gba ìyẹn mọ́ra. Ìgbà tó fẹ́ wọkọ̀ padà ló wá sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó ní kí ni mò ń bẹ̀rù fún, ṣebí Àfúsá náà ti tó jókòó sí oríta.

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n pinnu pátápátá. Àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Ẹ rántí bọ́ọ̀sì búlúù yín. Inú igbó náà lòun gbà wọlé. Gbogbo àdúgbò kí wa kú oríire. Kí la wá fi ṣe? Ẹ̀yìn ilé ló ń gbé, ẹ ta tapólì bò ó, ẹ to pòròpórò ọkà bàbà lé tapólì lórí, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé òkìtì pòròpórò lásán ni. Èmi ni ẹ ń gbé jókòó sí oríta tí mo bá ti ilé-ìwé dé, pẹ̀lú àtẹ ẹ̀pà níwájú mi. Ẹ̀pà yẹn kì í ṣe fún títà. Tí mo bá rí ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè lọ́ọ̀ọ́kán, kí n dìde, kí n gbé àtẹ rù. Ràímì tó wà lórí àpáta á rí mi, á sáré wá sọ fún yín. Àwọn èèyàn máa ń yìn yín pé ọmọ yín ṣe jẹ́jẹ́, pé ojú ló fi ń sọ̀rọ̀. Oríta yẹn ni ojú mi ti kọ́ iṣẹ́.

Ìgbà tí ibà dá ìyá mi wólẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò wà lẹ́yìn ilé. Àwọn aṣọ́bodè sì wà lójú títì tó lọ sí ọsibítù. Ẹ fi ọ̀já so ìyá mi mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà kí wọ́n má bàa já bọ́. Mo dúró ti pòròpórò, mò ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ọlọ́run ló ní kí wọ́n padà wá. N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ọmọdé ni mí. Mò ń sọ ọ́ lónìí: mọ́tò tí kò lè gbé aláìsàn kọjá lójú títì, ẹrù tí à ń fi pamọ́ ni, kì í ṣe mọ́tò. N kò bú yín. Ohun tí ẹ mọ̀ nígbà náà ni ẹ ṣe. Èmi náà ti mọ òmíràn, òun ni mo sì máa ṣe.

Mo gbọ́ bí Jímọ̀ yẹn ṣe lọ. Wọ́n ní àwọn ààfáà jókòó yí ojú ilẹ̀ tí ẹ ti gbá sílẹ̀ fún mọ́tò ká, wọ́n ń wò ó. Ààfáà àgbà wá ní kí ẹ mú nǹkan kan tó ní taya jáde, kí àdúà lè rí ibi bà lé, ni ẹ bá ti bárò tí ìyá mi fi ń kó èlùbọ́ síwájú wọn. Bàbá mi, mo rẹ́rìn-ín títí Ìyá Bọ̀sẹ̀ fi kan ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bárò yẹn kó pàǹtí mọ́.

Ìwé mọ́tò jáde lẹ́yìn náà. Mo san owó bodè rẹ̀ pé, kò sì rọrùn, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ tí a lọ gba nọ́ńbà rẹ̀, dírẹ́fà ọ́fíìsì wa ló ń wà á, èmi jókòó níwájú. A dé Apákùn, àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró. Ọ̀sán gangan ni. Bí mo ṣe rí aṣọ wọn, Bàbá mi, ọwọ́ mi méjèèjì gbéra, wọ́n lọ sórí mi bí ẹni fẹ́ gbé àtẹ rù. Dírẹ́fà béèrè bóyá orí ń fọ́ mi. Mo ní rárá. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo na ìwé sí ọ̀gá náà. Ó ka ìwé, ó tẹ̀ba wo nọ́ńbà ara irin, ó tún ka ìwé. Ó béèrè pé ta ló ni í. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ìyá yín á gbádùn rẹ̀ o, àǹtí, ẹ máa lọ. Gbogbo ohun tí mo fi ìgbà èwe mi ṣọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí fún un dáadáa. Orúkọ ìyá mi ló wà nínú ìwé. Kì í ṣe orúkọ yín, kì í ṣe ti Ràímì. Ẹ̀gbọ́n mi lè wà á tó bá ti gba láísẹ́ńsì, ìyá mi ló máa sọ ibi tó ń lọ.

Ẹ ní kí n má wálé. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Ojú títì ni màá gbà, ojúmọmọ ni màá wọlé, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ dá mi dúró lọ́nà, kó dá mi dúró. Tí a bá dé oríta, màá sọ̀kalẹ̀ níbi tí mo máa ń jókòó sí, ọwọ́ mi á sì wà nílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ lóòótọ́, màá rà á. Kí n má bá Àfúsá níbẹ̀ o. Ilé-ìwé ni kí n bá a. Pòròpórò tó kù lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kí ìyá mi fi dáná.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, Bàbá mi. Ẹ ó jókòó níwájú mọ́tò yìí dé Ìbàdàn lójú ọ̀sán, ẹ ò sì ní tẹrí mọ́lẹ̀ fún ẹnì kankan lọ́nà. Ìyá mi, ẹ ó fi ìlera gùn ún. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí ààfáà àgbà, ẹ ní bárò ti gba tirẹ̀, kí wọ́n máa múra de ti mọ́tò.

Èmi ni ọmọ yín tó jókòó sí oríta,
Sílífátù.