Ṣé Wọ́n Lé Ìyàwó Bàbá Jáde?

Adúmáradán,

Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mo ti lò láyé, n ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n má kọ lẹ́tà yìí, pé eré lásán ni. Mo ní kó máa rán aṣọ ẹ̀. Ṣé ara le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, ibi iṣẹ́ rẹ ò sì ní wó lé ọ lórí. Àwa náà wà, àfi orókún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí bébà nìyí. Télọ̀ fi ọ́ hàn mí nínú fóònù, níbi tí o ti ń ṣe eré olórin, tí o di ìyàwó bàbá inú àlọ́, èyí tó rán ọmọ òrukàn lọ ṣẹ́gi nínú òjò. O wé gèlè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, o wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó sọ̀rọ̀, o fọwọ́ gbá itan. Ìyàwó bíríkìlà ilé kejì, tó ń bá wa wò ó, bú sẹ́rìn-ín, ó ní èmi gan-an nìyẹn, ó ku kí wọ́n dárúkọ mi. O wá ń kọrin pé àwọn apàlọ́ ló ń purọ́ mọ́ ọ, pé ta ló ń fọṣọ ọmọ náà, ta ló ń yọ iná lórí ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ló ti wò ó, mo bá yára fi etí ìró mi bo fóònù náà kí wọ́n má baà rí èmi náà.

Nígbà tí o ò fún ọmọ náà lóúnjẹ, mo ní kí télọ̀ dá a padà sẹ́yìn, bóyá lọ́tẹ̀ yìí wàá fún un. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ò fún un.

Ibi tí gbogbo ìlú ti gbé igi dé ẹnu ọ̀nà rẹ láti lé ọ jáde ni iná fóònù tán. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Ṣé wọ́n lé ìyàwó bàbá náà jáde? Àbí orin náà gbà á sílẹ̀? Télọ̀ ti ráná, ó ní kí n wá wo ìyókù. N ò lọ. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ èmi lo ń kọrin mọ́, kọ ọ́ bó ṣe rí. N ò bí ọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ni bàbá rẹ fà lé mi lọ́wọ́. Mo rán ọ lódò lọ́jọ́ òjò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló dé ọpọ́n sórí tó sáré tẹ̀lé ọ? Mo nà ọ́ nítorí gíláàsì àtùpà. Ológbò ló fọ́ ọ. Ọjọ́ kejì ni mo mọ̀, ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ. Ó ti gbà á báyìí. Fi ìyẹn náà sínú orin.

Bàtà mi ti lu nídìí, fi owó òmíràn ránṣẹ́, má gba inú fóònù télọ̀ mọ́, n ò mọ bí owó ṣe ń gba ihò kékeré yẹn kọjá tí kì í ya. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ilẹ̀kùn kankan ò ní tì mọ́ ọ lójú.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́mọ ọdún méje, o ní bí ara rẹ bá yá, Màmá lo máa máa pè mí, pé Àǹtí ti tán. Ara rẹ yá. Ọgbọ̀n ọdún rèé, Àǹtí ni mo ṣì ń jẹ́. San gbèsè mi.