Bọ́ọ̀dù Líle Tí Mo Rán Lọ Sójú Òkun

Kotobabi,
Accra.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà.

Fàdílátù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Kumasi. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Òun ni kò jẹ́ kí n lè pè ọ́ lórí fóònù.

O mọ jákẹ́ẹ̀tì tí a jọ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Circle, èyí tó ń mú apẹja léfòó, tí fèrè inú rẹ̀ yóò sì dún bí ó bá já sómi. Ní ti bọ́ọ̀dù, pátákó pẹlẹbẹ tí iná fèrè náà ń gbà kọjá, o ní èyí tó ń tẹ̀ bí awọ ni ká fi sí i, torí apẹja a máa bẹ̀rẹ̀, a máa nàró, a máa fa àwọ̀n títí oòrùn yóò fi mú. Èmi takú pé bọ́ọ̀dù líle onípele mẹ́rin ni, torí òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí o tún un sọ, mo bi ọ́ lójú àwọn oníbàárà pé, "Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà?" Ọ̀sẹ̀ yẹn lo kó irinṣẹ́ rẹ lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ìgbì gbá Nii Kpakpo, apẹja Jamestown kan tó wọ ọ̀kan nínú jákẹ́ẹ̀tì wa, kúrò nínú ọkọ̀. Òjò ń rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjú síwájú. Fèrè kò dún. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ mìíràn tó rí i.

Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wá bá mi. Ó ní, "Master, kò dún o." Mo ní òun ló jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Fàdílátù, ọkùnrin tó fẹ́ẹ̀ kú sómi bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Nígbà tó lọ tán ni mo tú u. Inú rẹ̀ gbẹ. Bọ́ọ̀dù náà ló ti là níbi tí àyà ti ń tẹ̀, ìlà tín-ín-rín bí irun orí.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dákẹ́, nígbà tí jákẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ṣì ń lọ sójú òkun láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ sí Jamestown, mo sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Nii Kpakpo bi mí pé, "Nígbà tí mò ń bẹ̀ ọ́, ṣé o ti mọ̀?" Mo ní n kò tíì mọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo kó gbogbo jákẹ́ẹ̀tì náà padà.

Ní báyìí mò ń gbìyànjú bọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀. Ibi tí bátìrì àti fèrè jókòó sí nìkan ni mo fi èyí tó le sí. Ṣùgbọ́n bàbà orí èyí tó ń tẹ̀ náà ń ṣí bí èèpo nígbà tí mo bá fi iná kàn án. N kò lẹ́nu láti ní kí o padà wá. Jọ̀ọ́, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má sì bínú sí mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dójú tì ọ́ láé. Kí ó dá àwọn ọmọ sí fún ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Ṣàfíù.

Mo tún rántí: Nii Kpakpo yà sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Kò jókòó. Ó béèrè bóyá jákẹ́ẹ̀tì tuntun ti dé, mo ní kò tíì dáa tó láti wọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.