Ohun Tó Ń Kùn Nínú Ẹ̀rọ Ìyá Rẹ

Ilé Àjíṣafẹ́,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Inísà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Olúwatóyìn, Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́ ní Ìlọrin? Mo gbà á ládùúrà pé orí oúnjẹ ni ìwé yìí yóò ti bá yín, kò ní bá yín lórí oògùn. Ní tiwa, a wà láàyè, a sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ọdún yìí kọ̀, kò fẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Bàbá ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Mo ti sọ fún ọ lórí fóònù pé ara ìyá rẹ ń yá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí kó tó yá, kò ṣeé sọ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá rẹ, ẹsẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ omi, á nawọ́. Tí inú bá bí i, á kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn tí o padà sí Ìlọrin, mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ sì bi mí bóyá ó máa ń kọrin tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ bi gbogbo Inísà.” Obìnrin náà ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sá mọ́ lẹ́nu, orin lè ṣì kù sí i nínú. Ó ní kí n máa jẹ́ kó gbọ́ orin tó mọ̀ dáadáa lójoojúmọ́, pé tó bá ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ lè tẹ̀lé orin jáde.

Gbogbo orin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni mo jẹ́ kó gbọ́. Ó kàn ń wò mí ni. Ìgbà náà ni mo rántí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbà sílẹ̀ ní Ìkìrun nígbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tó jẹ́ pé ìyá rẹ ló ń dá, tí àwọn yòókù ń gbè é. Mo gbé ẹ̀rọ ńlá wa sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ámípù onírin yẹn tó ń gbé ohùn sókè, ibi tí wọ́n ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, àti sípíkà méjèèjì. Mo nu eruku wọn, mo so wọ́n pọ̀, mo tan iná sí i.

Tóyìn, ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń kùn bí ẹni pé agbo oyin wọnú sípíkà. Mo yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, orin lọ sílẹ̀, kíkùn náà dúró síbi tó wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ké láti inú kànga. Òun náà gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ òsì di etí, ó bú sẹ́kún. Mo pa ẹ̀rọ náà kíá. Mo jókòó tì í, mo ní, “Àbíkẹ́, bó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà yìí ni màá gbé ẹ̀rọ yìí dé, ariwo yìí á kúrò níbẹ̀.”

Òkukù ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó ní ó ti gbó, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin, kí n lọ ra èyí tó ń lo bulutúùtù. Mo kí i pé ó ṣeun, mo gbé ẹrù mi padà sínú ọkọ̀. Èmi tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi wa bọ́ọ̀sì láti Òkukù sí Òṣogbo, n kì í gbọ́ ariwo nínú ọkọ̀ kí n ní kí wọ́n lọ tà á. Mo máa ń wá ibi tí ariwo ti ń wá ni.

Ní Ìkìrun ni mo ti rí Ọlákúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde ní pólì, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ àwọn ìjọ ṣe. Ó ṣí ámípù náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó so ó mọ́ iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kùn rárá! Orin ń jáde geere. Mo ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ yín kò ṣàìsàn. Ilé yín ni ẹ jẹ́ ká lọ wò.” Ó bá mi dé Inísà. Bó ṣe so ó mọ́ iná ilé wa báyìí, oyin dé. Ó gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, ó ń kùn síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú páńsà tí wọ́n fi ń gé wáyà, ó gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tó gùn ju àwọn yòókù lọ. Ó tún tan án, kẹ́kẹ́ pa. Ìyá rẹ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ sì ń mì. A yọ̀, àṣé ayọ̀ wa kò tíì tó àkókò.

Kò pẹ́ sí i, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ wọ kíṣìnì, tí ilẹ̀ sì tutù, ìyá rẹ fi ọ̀pá rẹ̀ rọra rìn lọ mú omi nínú fíríìjì. Kò wọ bàtà. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin ilẹ̀kùn fíríìjì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré lọ dì í mú, mo kọ̀ fún un. Ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé ni mo sá lọ, mo já a wálẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú sílẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àyà rẹ̀ ń lù dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló bó. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọ mi. Díẹ̀ báyìí ló kù kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá máa kọ sí ọ.

Mo pe Ọlákúnlé. Mo ní, “O pa ariwo, díẹ̀ ló kù kí o pa ìyàwó mi.” Ọ̀kadà ló gùn wá, ìdọ̀bálẹ̀ ló sì fi wọlé. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná jáde, ó yẹ fíríìjì wò, ó yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ìjókòó kíṣìnì. Ó ní, “Bàbá, iná ń jò lára fíríìjì yín. Ó yẹ kí wáyà áàtì gbé e wọnú ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí ilẹ̀ wọ̀, ó wá ń rìn káàkiri ilé. Òun ló wọnú ẹ̀rọ orin, tó ń kùn. Èmi ni mo dí i lẹ́nu, n kò bi í ní ohun tó ń wí.” Mo ní ká dìde, ká lọ wá wáyà náà, nítorí pé nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò ní tan iná mọ́ títí a ó fi rí i.

Birikilà tó kọ́lé wa ti kú, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ri irin áàtì sí. A gbẹ́ iwájú ilé, a gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a kò rí nǹkan kan. Ìyá rẹ ń fa aṣọ mi. Mo rò pé ilé ìyàgbẹ́ ló fẹ́ lọ, mo mú un débẹ̀, ó yarí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi ń lu ògiri ẹ̀yìn gbà, gbà, gbà. Mo fẹ́ mú un padà sórí àga, Ọlákúnlé ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé Màmá.” A tẹ̀lé e. Ó yí ilé po, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ilé ìyàgbẹ́ tuntun, ó gún ilẹ̀ lọ́pàá. A gbẹ́ ẹ. Wáyà áàtì wà níbẹ̀, ó ti já sí méjì, ẹnu rẹ̀ ti dúdú.

O mọ̀ pé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ la ṣe ṣe ilé ìyàgbẹ́ mọ́ ara ilé. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò yẹn, abẹ́ igi ìbẹ́pẹ ni mo gbé àga rẹ̀ sí kó máa gba atẹ́gùn. Ó rí wọn nígbà tí ṣọ́bìrì gé wáyà náà. Ó rí wọn nígbà tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kò rí ẹnu sọ ọ́. Ọjọ́ mélòó kan ló ti ń fa aṣọ mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, tí mo ń dá a padà! Nígbà tí wáyà náà jáde, ó wò mí lójú, mo sì kí i níwájú Ọlákúnlé. Mo ní, “Àbíkẹ́, o ṣeun. Mo gbọ́ báyìí.”

A ri irin tuntun mọ́lẹ̀, a fi wáyà tó nípọn so ó. Lẹ́yìn fíríìjì, Ọlákúnlé rí ibi tí eku ti jẹ ara wáyà títí ó fi hàn síta, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó wọn irin ilẹ̀kùn náà títí ọkàn mi fi balẹ̀. Ó wá fi púlọ́ọ̀gì tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí ámípù. A tan án, kíkùn ńlá yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n tín-ín-rín kan ṣì kù. Ọlákúnlé ní ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ tín-ín-rín, obìnrin yìí ti fara da tó. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó rí i pé mo ti di wáyà tó gbé orin wá láti ibi kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ wáyà iná, kí ó lè dùn ún wò. Ó tú wọn, ó gbé ọ̀kan gba ọ̀tún, ó gbé èkejì gba òsì. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹyẹ níta.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Orin tí wọ́n fúnra wọn ṣe yẹn ló bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀nà jìn, ilẹ̀ ò tíì ṣú, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ìyá rẹ tẹ́tí. Nígbà tí àwọn elégbè wọlé, ó la ẹnu, ó sì kọ “ká máa lọ” pẹ̀lú wọn. Ohùn náà há, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni, Tóyìn, ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mìíràn ó tán síbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn inú bí i, ó sọ ọ̀pá nù. Mo gbé ọ̀pá, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ayọ̀ gun orí mi, mo yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè kí àdúgbò lè gbọ́ ìyàwó mi. Ìyá rẹ wà lórí àga, ó ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú ọwọ́ kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Tóyìn, ẹ dín in kù.”

Mo dín in kù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bá a bó ẹ̀gúsí.

Kí Ọlọ́run tó dá ẹnu sí wa lára má jẹ́ kí ohun rere di àwátì nínú ilé rẹ. Ọwọ́ rẹ yóò máa mókè. Àwọn ọmọ rẹ yóò pè ọ́, wàá jẹ́. Ìwọ náà yóò pè wọ́n, wọn yóò dáhùn. Kí ẹ̀yin àti àwa fojú rí ara wa láìpẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Tímótì Àjíṣafẹ́.

Àfikún: Sọ fún ọkọ rẹ kó wo gbogbo púlọ́ọ̀gì ilé yín, kó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé kó wá ibi tí wáyà áàtì ti wọlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti gé lẹ́sẹ̀, kó má lò ó. Kó má ní òun á ṣe é lọ́la o. Màá pè ní ọjọ́ Sátidé láti bi í.