Ẹni Tó Ń Pa Bọ́ọ̀dù Mi Lẹ́nu Mọ́ Bí Òjò Bá Ṣú

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má dá orúnkún mi tó ń dún lóhùn, ẹ ṣáà gbà pé àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí àbúrò mi Àṣàbí tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Àṣàbí, kà á sókè, má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọ. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí àwọn ará àdúgbò, títí kan àwọn tí kò bèèrè mi.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dé Ṣakí nípa mi, ojú ọjà ló gbà dé. Wọ́n ní mo ba ẹ̀rọ ọ̀gá mi jẹ́, adìyẹ rẹ̀ sì kú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé rédíò ni mo ń tún ṣe kí n tó wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní oko adìyẹ tí mo wà létí Odogbolu níbí, bọ́ọ̀dù kan, bíi ti inú rédíò, ni mo ń tọ́jú. Inú àpótí kékeré ló wà, lórí ògiri kúkúrú lẹ́yìn ilé àwọn òròmọdìyẹ. Wáyà kan ti inú rẹ̀ wọlé lọ bá wọn, ó ń wo bí ooru ṣe tó. Bọ́ọ̀dù ń kọ ọ́ sílẹ̀, síìmù inú rẹ̀ á fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí òtútù bá fẹ́ mú wọn, ọ̀gá á pè, a ó sì koná èédú.

Àmọ́ bí òjò bá ti ń ṣú báyìí, bọ́ọ̀dù á dákẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, á tún máa rojọ́ bíi Àṣàbí. Òjò ibí kò sì mọ ìwọ̀n. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ síìmù. Mo tún ẹsẹ̀ ọ̀pá tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì jó ní léèdì tí a fi ń lẹ wáyà, bóyá ó ti sán. Mo fi gọ́ọ̀mù dí etí àpótí. Pàbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ ra léèdì, ìjì jà, iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù ń rán kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kí n tó padà, òtútù ti mú àwọn òròmọdìyẹ, wọ́n ti gun ara wọn lórí kú.

Ọ̀gá ní bó bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n máa lọ sílé. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ojú mi ò rí léèdì mọ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ géètì ni.

Màámi, ọ̀rẹ́ mi! Ará Ibefun ni, àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mi ò mọ ẹnì kan níbí, òun ló fún mi ní àga jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní géètì. Ìyàwó rẹ̀ a máa bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Lóòótọ́, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ rí fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ adìyẹ wá, ó rò pé ọ̀gá ni. Mo sọ ìtàn yẹn kiri títí ìtàn náà fi hu ìrù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo jókòó ro bọ́ọ̀dù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá kó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Bí òjò bá ti dá, gbogbo iye ooru tí kò wọlé ló ń ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ò sọnù. Bọ́ọ̀dù ń kọ̀wé nínú òjò nìyẹn, bátìrì rẹ̀ dá ṣáṣá, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá a dúró. Fóònù tèmi sì ń dún nínú òjò kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló lọ. Nǹkan kan ń bo àpótí náà.

Nígbà tí òjò tún ṣú, mo ní mo ń lọ sí Odogbolu, mo sì yà sẹ́yìn ilé oúnjẹ adìyẹ. Mànàmáná kọ kẹ̀rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi bá sáré dé pẹ̀lú bàsíà onírin, ó dà á bo àpótí mi mọ́lẹ̀, ó tún fi òkúta lé e.

Ó ní iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí dígí, á pe àrá wálé. Màámi, ẹ̀yin náà kì í fi dígí sílẹ̀ láìbò bí àrá bá ń sán, mi ò lè bá a jà lórí ìyẹn. Mo bi í pé nígbà tó rí i pé wọ́n ń lé mi lọ ńkọ́? Ó ní òun ti ń fura pé bàsíà ló ń fà á, ṣùgbọ́n bí òun bá jẹ́wọ́, ṣé màá jẹ́ kí òun gbádùn? Ó ní màá rò ó dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn ọmọdé á máa fi bàsíà kí òun. Irọ́ kọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ló tún rédíò rẹ̀ ṣe. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní ó ń gbọ̀n, kí wọ́n má baà fi òun rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọ̀gá, ó fẹ́ lé e. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ìyá mi náà ì bá bò ó.

Lọ́jọ́ kejì mo ra abọ́ ike ńlá kan. Irin ló ń dínà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ike kì í dí i. Nígbà tí òjò tún ṣú, mo gbé e síwájú ọ̀rẹ́ mi ní géètì. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ò wá. Ó gbé e, ó lọ bo àpótí. Òjò ń rọ̀, iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Mo lọ dá jókòó sínú ilé oúnjẹ adìyẹ, bẹ́ẹ̀ àga méjèèjì wà ní géètì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé pátá.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì.