Àtàǹpàkò Mẹ́tàdínlógún

Nueva Vilna, Entre Ríos
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò

Débora ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa ní Buenos Aires yẹn, ṣé o sì ń jẹun? Kí Ọlọ́run tó mú àwọn baba ńlá wa la òkun kọjá láìsí ewu máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí o ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, nítorí èmi ò tíì lóye ohun tó gbé èèyàn alààyè lọ sábẹ́ ilẹ̀. Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì máa ń sinmi tí òjò bá dá. Paloma, màálù wa, ti bímọ, abo ni, ó jọ ìyá rẹ̀ ní oríkunkun. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, mo ti gbé ìkòkò méjì sábẹ́ rẹ̀. Isidoro aládùúgbò wa ní kí n kí ọ.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, torí ìwọ lo ń bá ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Urquieta tó ń wá ìbò, kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Isidoro ní fóònù ńlá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Haifa ní Ísírẹ́lì fi ránṣẹ́ sí i, orí rẹ̀ la ti kà á. Ọ̀gá rẹ kọ ọ́ pé àwa Júù ìgbèríko yìí àti àwọn ará wa ní Ísírẹ́lì, ọ̀kan náà ni gbogbo wa, pé ilẹ̀ ibí kì í ṣe tiwa, kí á di ẹrù wa kí á padà sílé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí n má tíì bínú, bóyá ọkùnrin náà mọ ohun tí èmi ò mọ̀. Torí náà, jọ̀ọ́, bá mi bi í pé ilé wo ló ń wí. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé, èmi fúnra mi ò sì kọjá Rosario rí, ìyẹn náà nítorí eyín tó ń dùn mí. Tó bá jẹ́ Ísírẹ́lì ló ń wí, kó sọ bí ilẹ̀ tí wọ́n máa fún mi ṣe tó, kó sì sọ bóyá wọ́n máa jẹ́ kí Paloma wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí ó ń fún ọmọ lọ́mú, mi ò lè fi í sílẹ̀. Ọmọ Isidoro ní yàrá méjì lòun ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, kò sí àyè màálù lọ́dọ̀ òun.

Má rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ìjọba kankan o. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo Sátidé ni èmi àti Isidoro máa ń jà lórí ìjọba Ísírẹ́lì àti ogun wọn títí tíì máté wa á fi tutù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣe ló gbé fìlà rẹ̀, tó fi kéèkì sílẹ̀, tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba wí, kó bá a wí, èmi náà ń bá tiwa wí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ọ̀gá rẹ ní kó di ẹrù, èmi Fanny ni.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní màmá, kò já mọ́ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ orí fóònù ni, tó bá di ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ayé á ti gbàgbé. Mo gbà ọ́ gbọ́, ṣebí ìwọ lo lọ sí yunifásítì. Mo ka ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tún pọ̀ sí i. O ní ó ti pa á rẹ́. Mo ní á à, ó dáa, àmọ́ Isidoro ti yà á ní fọ́tò, mo sì ti kà á, ta ló wá pa á rẹ́ fún?

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ jáde, pé ó dun ọ̀gá rẹ bí ọ̀rọ̀ náà bá bí ẹnikẹ́ni nínú. Débora, mo mọ bí o ṣe máa ń kọ̀wé, ìwọ lo kọ ọ́. Mo ń wo "bí" yẹn. Lọ́dún tí bàbá rẹ sún ọ̀pá ọgbà wọ ilẹ̀ Isidoro, kí Ọjọ́ Ètùtù tó dé, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a, ó ní mo sún ọ̀pá, foríjì mí. Kò sọ pé ó dun òun bí ọ̀pá bá sún. Ọ̀gá rẹ náà wá síbí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó wá ṣí ẹ̀rọ omi. Mo gbé àga síta, mo yan kéèkì ápù, mo retí rẹ̀. Ó jẹ ìpápánu lọ́dọ̀ Ramona oníbúrẹ́dì, ó sì lọ. O sọ fún mi pé ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń tẹ̀lé e. Mo kà wọ́n, márùn-ún ni wọ́n, pẹ̀lú awakọ̀. Bóyá táyà àwọn yòókù ló jò lọ́nà.

Àtàǹpàkò ló wá gbé mi dìde. Isidoro fi hàn mí nínú àwọn fọ́tò tó yà pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ti tẹ àtàǹpàkò sí i, orúkọ oníkálukú sì wà níbẹ̀. O mọ iṣẹ́ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú agolo yíǹkì, tí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ ta ọkà tàbí kó pín ogún, èmi ni mo máa ń di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, tí mo máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mi ò rí i rí kí ẹnì kan tẹ̀ka kó wá ní òun ń ṣeré ni. A wo orúkọ náà títí ojú fi ń ro wá, a rí mẹ́tàdínlógún tó jẹ́ ọmọ Nueva Vilna. Mo da ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ kọ sórí ìwé ńlá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dáa, mo gbé agolo yíǹkì, mo kí orúnkún mi kú iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé.

Ọ̀dọ̀ Ramona ni mo kọ́kọ́ lọ, ẹni tó ń bá wa hun búrẹ́dì Sábáàtì láti ìgbà tí Zelik tó ń hun ún tẹ́lẹ̀ ti kú. Mo ní Ramona, o ti tẹ̀ka lórí fóònù, wá tẹ̀ ẹ́ síbí náà kí ìwé lè pé. Ó ka ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá Fanny, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá wí, àwọn yẹn ni. Mo ní àwọn wo? Ó ní àwọn tó wà lọ́hùn-ún náà. Mo ní ọmọ Isidoro tí o fún lọ́mú nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ló wà lọ́hùn-ún, ṣé òun ni? Ó ní hàà, èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni nígbà tí mo ń dúró de ààrò, àwòrán ajá tó wọ awò ojú ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tẹ tọ̀gá yẹn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìyẹ̀fun, kò sì yọ ọ́ títí mo fi jáde. Olegario tó ń tọ́jú ẹran ní ọwọ́ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú màálù jáde ni. Mo ní màá dúró kó fọ̀ ọ́. Ó fọ ọwọ́ fún ìdajì wákàtí. Báyìí ni mo ṣe lọ sọ́dọ̀ èèyàn mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹnì kan tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan sunkún, àwọn kan bú mi pé arúgbó yìí ti ń ṣarán. Lánàá, kí oòrùn tó mú, mo bá búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà mi, Ramona ò kan ilẹ̀kùn.

Torí náà, ìwọ tó ní kò já mọ́ nǹkan kan, ṣàlàyé fún mi, kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń fi ọwọ́ pa mọ́ fún mi?

Ó ku ẹnì kẹtàdínlógún. Isidoro ní bóyá Débora mìíràn ni. Mo ní kó mú àwòrán náà tóbi, mo sì rí aṣọ ọrùn aláwọ̀ ewé tí mo hun fún ọ. Ó dùn mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Isidoro ní iṣẹ́ ni, pé gbogbo ohun tí ọ̀gá bá kọ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àtàǹpàkò yẹn. Ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o ki àtàǹpàkò rẹ bọ inú yíǹkì mi, o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo sì ti kun ilé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin láìkun ibẹ̀.

Ìwé náà wà nínú àpò tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa gbé fún ọ, pẹ̀lú agolo yíǹkì. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọ nísàlẹ̀. Ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí o tó ṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ tìrẹ, tẹ̀ ẹ́ kí o dá a padà. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, dá a padà lófìfo, kí o sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ ìdí tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti owó òrùlé tí mo máa ń tọrọ nínú gbogbo lẹ́tà, má fi ránṣẹ́ títí màá fi rí ìwé náà, ìkòkò ṣì pọ̀ nílé. Owó sítáǹpù nìkan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí, jọ̀ọ́ fúnra rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Gbogbo alẹ́ Ẹtì ni mo ṣì máa ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga rẹ tó ṣófo bí ẹni gbé e lé orí rẹ. Kí Olúwa ṣe ọ́ bíi Sárà, bíi Rèbékà, bíi Rákélì àti Léà, kó bù kún ọ, kó pa ọ́ mọ́, kó sì fún ọ ní àlàáfíà.

Bí o bá máa tẹ̀ ẹ́, rọra o. Yíǹkì yẹn kì í tètè kúrò lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fanny