Oògùn Èèyi Tó Gbóná ní Ore

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ore níhìn-ín tí ìjọba gbé mi wá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Táíwò àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Ìjerò, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi gbá Bísí ọmọ mi mọ́ra dáadáa. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń rò ó lójoojúmọ́.

Mo ti ní kí oníwèé ìròyìn kan bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde pẹ̀lú, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ara mi le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí.

Ore kò dà bí ilé. Ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Bìní gba àárín rẹ̀ kọjá, tírélà kì í sì í dákẹ́ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Eruku ọyẹ́ bo orí páànù, ó bo oúnjẹ, ó bo ojú ènìyàn. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, gbogbo ènìyàn ló ń sáré kiri, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, wọ́n ń kọ́lé. Èmi nìkan ló dà bíi pé mo dúró sójú kan. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti bá iṣẹ́ epo lọ sí Wàrí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń rí i. Èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbí kì í sì í tètè yé mi. Tí wọ́n bá rí i pé mo ń wò wọ́n lẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ ní Yorùbá tí gbogbo wa ń gbọ́.

Ìyá Tópé ni obìnrin tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúrà ni, kì í pa ìṣọ́ òru jẹ. Ó ní ọmọ méjì. Dúpẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin ni. Tópé ni àbúrò, ọmọkùnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Tópé á wá jókòó sí mi lẹ́sẹ̀, á sì la ẹnu pé kí n fún òun ní oúnjẹ. Mo máa ń fún un kí n tó jẹ. Bísí ni mo máa ń rí ní ojú rẹ̀.

Ẹ ti bi mí rí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ kí èèyi má bàa mú wọn. Àjọ àgbáyé kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ló ń fi oògùn náà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìjọba àpapọ̀ á gbà á ní Èkó, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, àwọn ará Àkúrẹ́ á sì gbé e fún wa ní Ore. Láti ibẹ̀ ni a ti ń fi alùpùpù gbé e wọ inú igbó lọ. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kò fẹ́ ooru rárá. Láti òkè òkun títí dé apá ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wà ní tútù. Tó bá gbóná pẹ́nrẹ́n, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè rí i. Bó ṣe rí nínú ìgò tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe máa rí.

Ní ilé iṣẹ́ wa, fíríìjì oníkẹrosíìnì la fi ń tọ́jú rẹ̀, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Iná kékeré kan máa ń jó nísàlẹ̀ fíríìjì náà. Iná yẹn ló ń mú kí inú rẹ̀ tutù.

Ago Alaye ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyi wà. Kò pẹ́ tó fi dé Araromi-Obu. Àwọn ọmọ á máa wúkọ́, ojú wọn á pọ́n, nǹkan wẹ́wẹ́ á sì sú bo ara wọn. Àwọn kan kò yè é. Ọ̀gá wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, rán akéde sí àwọn abúlé pé kí wọ́n kó ọmọ wọn wá sí Ore ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Èmi fúnra mi bẹ Ìyá Tópé. Nínú ìjọ tirẹ̀, omi àdúrà ni wọ́n gbà gbọ́, wọn kì í lo oògùn. Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbẹ̀yìn ó ní nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́, òun á gbé àwọn ọmọ wá.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kẹrosíìnì wọ́n gógó. Orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún gbogbo ayé, àwa la tò sórí ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí a rí rà, wọ́n ti bu omi sí i. Nígbà tí mo ṣí ilé iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, iná ti kú. Mo fi ọwọ́ kan inú fíríìjì, ó gbóná bí àpótí tí wọ́n gbé sí oòrùn. Àwọn ìyá ti kún ìta, àwọn mìíràn ti rìn láti Araromi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ọ̀gá kan wá láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Dókítà obìnrin òyìnbó kan sì wá pẹ̀lú, ẹni tí àjọ àgbáyé rán pé kó máa bá wa ṣiṣẹ́. Dókítà Ánà la ń pè é. Ọ̀gá Àkúrẹ́ ní kí a ṣáà gún wọn, pé tí a bá dá wọn padà, wọn ò ní wá mọ́, orúkọ ìjọba á sì bàjẹ́. Dókítà Ánà ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó, ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tó dìde, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

“Tí a bá gún wọn ní omi lásán, ọkàn ìyá wọn á balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Ó jáde sí ìta, ó sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní oògùn ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n dárí jì wá, kí wọ́n máa lọ ilé, a ó tún pè wọ́n. Bàbá mi, n kò lè kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí wa. Ọ̀pọ̀ ní ẹ̀tàn ìjọba ni. Ti Ìyá Tópé yàtọ̀. Ó wò mí, ó gbé Tópé pọ̀n, ó fa Dúpẹ́ lọ́wọ́, ó sì lọ.

Dókítà Ánà àti awakọ̀ wa, Bọ̀dá Kàsímù, gba ọ̀nà Èkó lọ́jọ́ náà láti lọ bẹ ìjọba àpapọ̀ fún oògùn mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́hùn-ún, n kò lè jẹun. Tí mo bá gbọ́ ikọ́ ọmọ níbikíbi, ọkàn mi á fò.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ikọ́ yẹn nínú ilé wa. Tópé ni. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò wá jókòó sí mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé àdúrà, níbi tí àwọn ọmọ mìíràn ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní kan ṣoṣo, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Mo mọ̀ pé èèyi á ran gbogbo wọn. Mo sì mọ̀ pé kò sí ẹnu tí mo lè fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí wọ́n máa fún wọn ní omi mu dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kí a gún àwọn tó kù ní abẹ́rẹ́ tí oògùn bá dé. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Bàbá arúgbó náà bi mí ní ìbéèrè kan.

“Ṣé tí a bá tún wá, ẹ ò tún ní dá wa padà?”

Mo sọ fún wọn pé n kò mọ̀. Mo ní mo ń bẹ Ọlọ́run ni, bí àwọn náà ṣe ń bẹ̀ Ẹ́. Kí n tó jáde, wọ́n ti ní kí wọ́n tẹ́ ẹní mìíràn sí yàrá kejì.

Ìyá Nọ́ọ̀sì wá wo Tópé. Ó gbé gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́ wá, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ títí tó fi jẹ́ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àyà ọmọ náà ti dí. Ibẹ̀ ló kú sí, ní ọ̀sán, nígbà tí tírélà ń fọn fèrè lójú títì. Ọwọ́ mi ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Nígbà tí Dókítà Ánà dé, ó sọ fún mi pé àìsàn náà ti wà lára ọmọ náà kí ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn tó pé, pé oògùn tútù pàápàá kì bá tí gbà á là. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi, ṣùgbọ́n mo ń yẹra fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn ará Èkó fún wọn ní oògùn. Inú àpótí oníyìnyín ni wọ́n gbé e sí, Bọ̀dá Kàsímù kò sì dúró jẹun lọ́nà. A tún rán akéde. Ọ̀pọ̀ kò wá, bí ọ̀gá Àkúrẹ́ ṣe sọ ọ́. Àwọn ará ilé àdúrà wá ṣá, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, Bàbá Wòlíì sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí a fi ṣe tán. A tún gbé ìyókù lọ bá àwọn ará Araromi-Obu àti Ago Alaye nílé wọn.

Ìyá Tópé ló kẹ́yìn sórí ìlà. Ó gbé Dúpẹ́ dání. N kò lè wò ó lójú. Ó ká apá aṣọ ọmọ náà sókè, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo apá náà.

“Ṣé èyí tutù?”

Mo yọ ìgò náà láti inú yìnyín, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bò ó, ó pa ojú dé, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún mi, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lápá ọmọ rẹ̀.

Màmá, ẹ bá mi gbé Bísí lọ fún abẹ́rẹ́ náà bí wọ́n bá ti ń gún un ní Ìjerò. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi. Kẹrosíìnì ṣì wọ́n, a sì ṣì ń rí ọmọ tó ń wúkọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún mi, Bàbá mi, Màmá mi. Ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ẹ kò ní pe Bísí kó má dá yín lóhùn. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí gbogbo ojúlé tó yí wa ká, ẹ sì kí ẹni tó bá yín ka ìwé yìí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Adérónkẹ́