Màmá Oníbúrẹ́dì, Tí Wọ́n Fi Ẹyin Díndín Purọ́ Mọ́

Ọjọ́ tí wọ́n bí Màmá wa ní ọdún 1959, igbe wọn fọ́ gbogbo gíláàsì fèrèsé àdúgbò, ọkọ̀ ojú irin sì fi ẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti ń bọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi àwọn fèrèsé léèrè. Yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ pákó ni wọ́n bí wọn sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe ilẹ̀kùn ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn.

Màmá kàwé dé kíláàsì kẹfà, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì ní 1974. Bí wọ́n bá ń po fúláwà, tábìlì á máa bẹ̀bẹ̀. Búrẹ́dì wọn rọ̀ débi pé àwọn arúgbó ń fi ṣe ìrọ̀rí. Ní 1982, awakọ̀ kan já fúláwà sílẹ̀, kò lọ mọ́; òun ni bàbá wa. Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí ohùn wọn fi tán, wọ́n sì ń bọ́ àwọn opó àdúgbò láìpariwo.

Lọ́dún tó kọjá, kókó kan yọ ní ọmú wọn òsì. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wọn là á yé wa pé irú jẹjẹrẹ yìí gbóná, eré ló ń sá. Ọ̀rá ló ń dáná sí bí igi, ọ̀rá náà ló fi ń mọ ògiri ilé rẹ̀, ọ̀rá ló sì yí ọmú ká. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá oògùn tí yóò ti ilé ìdáná yẹn pa. Dókítà kò ṣèlérí pé Màmá kò ní kú. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ máa jẹun dáadáa o, kẹ́ ẹ lè lágbára gba abẹ́rẹ́."

Gbólóhùn kan péré ni àbúrò bàbá wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Mo-ti-mọ̀-ọ́n, gbé délé: àrùn ń jẹ ọ̀rá.

"Ìyàwó, ebi la ó fi pa á! Mo ti pa irú ẹ̀ lára èèyàn ogójì."

Màmá ní, "Ọkọ mi, ṣé ebi ọ̀hún mọ ojú àrùn yàtọ̀ sí tèmi?"

Mo-ti-mọ̀-ọ́n bọ́ sílé ìdáná. Ó kó òróró, ẹyin àti ẹ̀pà kúrò nílé. Ó ní ọ̀rá wà nínú abẹ́rẹ́ ọsibítù pàápàá, bàbá wa sì gbà á gbọ́, wọn kò gbé Màmá lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tó ń gbé àpò fúláwà bí ẹni gbé gèlè kò lè gbé ife omi mọ́. Jẹjẹrẹ kò gbààwẹ̀ ní tiẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún yìí, Màmá pa ojú dé.

Inú ń bí wa, a kò sì ní fi òdòdó bò ó. Nínú ilé ọ̀fọ̀ ni Mo-ti-mọ̀-ọ́n ti ń wí fáwọn àlejò pé oògùn òun jẹ́, ẹyin díndín tí Màmá jí jẹ ló pa wọ́n. Irọ́ ni! Ta ní ń jí ẹyin nínú ilé ara rẹ̀?

Màmá fi ọkọ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: onírin, olùkọ́, àti èyí tó jogún ààrò búrẹ́dì, àti àwọn ọmọ-ọmọ. Mo-ti-mọ̀-ọ́n ní ká kọ òun náà sínú ìkéde ikú yìí ní olùtọ́jú wọn. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tó wá kí wa gbórí sókè.

"Bọ̀dá, ẹ dárúkọ ẹnì kan nínú ogójì yẹn."

"Àwọn dókítà ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìyá!"

"Èmi ni dókítà wọn. Ara ní ọ̀rá tó fi pamọ́. Bí aláìsàn kò jẹ òróró, àrùn á lọ fà á níbẹ̀. Ó tilẹ̀ lè fúnra rẹ̀ se ọ̀rá. Aláìsàn lẹ fi ebi pa. Orúkọ ẹnì kan, Bọ̀dá."

Àbígbẹ̀yìn wa dìde, ó lọ dí ẹnu ọ̀nà. Mo-ti-mọ̀-ọ́n bá gba ojú fèrèsé fò jáde, afẹ́fẹ́ gan-an kò bá a.

Màmá Oníbúrẹ́dì, ẹ sùn re. Kò sẹ́ni tí yóò ṣọ́ yín lẹ́nu mọ́.